Orí Keje: Eegun Ti So Pọ̀, Ọwọ́ Ò Tíì Dé

Ọjọ́ ìdána ọ̀rẹ́ wa kan ni. Alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna. Àwa mọ́kànlá na ara wa sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, agbádá ń wọ́lẹ̀, fìlà ń já bọ́. Mẹ́wàá nínú wa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi fi ti òsì tẹlẹ̀, ó sì di ọ̀tún ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi í gbé ara ró. Alága rí i kíá. Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ́ lẹ gbé wá bá wa ni, àbí ìyàwó lẹ wá fẹ́?" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó bu owó ìtanràn ₦1,000 lé e, ọ̀rẹ́ mi san án, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a dìde, mo rí i tó ń fi ọwọ́ òsì ra ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ agbádá.

Oṣù 14 ṣáájú ọjọ́ yẹn ló jábọ́ lórí ọ̀kadà, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹni ọdún 29 ni. Wọ́n to eegun náà, wọ́n fi POP dì í fún ọ̀sẹ̀ 6, àwòrán X-ray tí wọ́n sì yà lẹ́yìn náà fi hàn pé ó ti so pọ̀. Dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ó parí. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe, n kì í sì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, "ó parí", nígbà tó jẹ́ eegun nìkan ni wọ́n wò.

Ohun tá à ń pè ní ọrùn ọwọ́ kì í ṣe oríkèé kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké 8 ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò ní ìlà méjì bí òkúta wẹ́wẹ́ etí odò, tí okùn ara tó yi sì dè wọ́n mọ́ra. Lẹ́yìn wọn ni ẹnu eegun apá méjèèjì wà: radius lápá àtàǹpàkò, ulna lápá ìka kékeré. Radius ló ń ru ẹrù jù. Bí o bá ń ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ń gba ọrùn ọwọ́ rẹ kọjá ló ń wọ inú radius. Bí ènìyàn bá sì ń ṣubú, kì í bá ara rẹ̀ jíròrò kó tó na ọwọ́ síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń kan ilẹ̀, radius ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lè ṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ orí ti jẹ eegun rẹ̀ nínú. Eegun ẹni ọdún 25 le ju ìyẹn lọ. Kó tó ṣẹ́, ohun tó wúwo ló gbọ́dọ̀ dé bá a: ọ̀kadà tó wọ kòtò, àkàbà tó yẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé síni nídìí bọ́ọ̀lù. Ibi tó le sí náà ló ti ń ya wèrè. Bó bá ṣẹ́, ó sábà máa ń fọ́ yángá, fífọ́ náà á sì wọ ojú oríkèé lọ. Ìyá àgbà fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun, kó fi gbé ọmọ-ọmọ, kó fi kí Ọlọ́run. Ọ̀dọ́ ṣì ní ogójì ọdún iṣẹ́ tó fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe.

Ní 1814, oníṣẹ́ abẹ kan ní Dublin, Abraham Colles, kọ̀wé nípa irú ọwọ́ ṣíṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ó ṣì ku ọdún 81 kí Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán X-ray, nítorí náà ojú àti ọwọ́ nìkan ni Colles fi mọ ohun tó mọ̀. Ó ní ọwọ́ náà á wọ́, kò sì ní padà gún régé láéláé, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ títí, ìrora á tán, ọwọ́ á sì máa lọ máa bọ̀ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ dókítà fi ọ̀rọ̀ yìí sùn fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. X-ray ló wá jí wọn.

Ní 1986, Knirk àti Jupiter gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú eegun mọ̀. Wọ́n padà lọ wo 40 ọ̀dọ́ àgbàlagbà tí fífọ́ eegun wọn wọ inú oríkèé. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò pé 28, ó sì ti tó bí ọdún 6 àbọ̀ tí wọ́n ti fara pa. Nínú àwòrán, oríkèé àwọn tó pọ̀ jù ti ń jẹ, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí eegun ti so pọ̀ tí ojú oríkèé sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdá 11 péré ló rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn kékeré kan bá kù lójú oríkèé, tí apá kan ga ju apá kejì lọ, ìdá 91. Láti ìgbà náà ni mìlímítà 2 ti di ààlà ẹ̀rù: bí gíga náà bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. To káàdì ATM mẹ́ta lé ara wọn, ó ti ju mìlímítà 2 lọ. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọ̀dọ́ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Jupiter fúnra rẹ̀ àti Haus padà yẹ iṣẹ́ àtijọ́ náà wò ní 2009, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àléébù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe ìwọ̀n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì gbà pé títẹ́ ojú oríkèé ṣe pàtàkì. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ tó sọ ọ́ dolókìkí.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2008. Forward, Davis àti Sithole lọ wá àwọn ènìyàn tó ṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó pé ọmọ 40 ọdún, nígbà tí a kò tíì máa fi irin tẹ́ ojú oríkèé bíi ti òde òní. Wọ́n rí 106. Ìpíndọ́gba ọdún tó ti kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣubú jẹ́ 38. Ọ̀dọ́ tó jábọ́ lórí kẹ̀kẹ́ nígbà náà ti di bàbá àgbà. Wọ́n yà wọ́n ní X-ray, wọ́n wọn agbára ìdìmú wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe àti èyí tí wọn kò lè ṣe.

Nínú àwọn tí fífọ́ wọn wọ inú oríkèé, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwòrán wọn fi hàn pé oríkèé ti ń jẹ. Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn nìkan á káàánú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáhùn ìbéèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn, èsì wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará ìlú tí kò ṣẹ́ ọwọ́ rí; ohun tí wọ́n pàdánù nínú ìlò ọwọ́ kò tó ìdá 10. Colles tí kò ní ẹ̀rọ kankan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti gbé fọ́tò X-ray sórí fóònù, wọ́n ń fi han gbogbo ayé, wọ́n sì ń fojú inú wo ara wọn ní ọmọ 50 ọdún tí làkúrègbé ti so ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Àwòrán ń sọ bí eegun ṣe rí. Kì í sọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Ìgbàgbọ́ òdìkejì rẹ̀ ló ń da àwọn mìíràn láàmú: pé níwọ̀n ìgbà tí eegun ti so, ọwọ́ ti dé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé POP kúrò, ohun tí ènìyàn ń bá lábẹ́ rẹ̀ máa ń dẹ́rù bani. Apá á ti rù, awọ á ti máa bó bí ìpẹ́ ẹja, ọrùn ọwọ́ á sì le gan bí igi. Ọ̀sẹ̀ 6 tí eegun fi ń sinmi láti so, ọ̀sẹ̀ 6 náà ni okùn àti awọ inú oríkèé fi ń sún kì. Aago eegun yàtọ̀ sí aago ọwọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìyípadà máa ń yá jù. Agbára ìdìmú ṣì ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọdún kan, fún àwọn mìíràn ó ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọn ara rẹ̀ ní oṣù kejì tó sì sọ pé ayé òun ti bàjẹ́ ti kánjú.

Àwa náà la sì ń sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tí ọ̀kan wà nínú POP ló mọ̀ pé òtítọ́ ni. Obìnrin aránṣọ kan tí mo tọ́jú sọ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ pa òun lẹ́kún, dídè gèlè ni.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń yọjú lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé ìṣubú náà. Ìka àtàǹpàkò lè ṣàdédé kọ̀ láti gbéra. Iṣan tó ń gbé e sókè ń gba orí egbò eegun kọjá bí okùn kànga tó ń ha ara mọ́ etí sìmẹ́ńtì, ó sì lè já ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọwọ́ tí eegun rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, tó kàn sán, ló sábà máa ń ṣe èyí. Kò ní ìrora púpọ̀. Ènìyàn á kàn rí i pé òun ò lè nà án mọ́. Iṣẹ́ abẹ wà fún un: ìka ìfábẹ̀lá ní iṣan ìgbésókè méjì, wọ́n á yá ọ̀kan lò. Bí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín bá ń kú tipiri lóru, iṣan ìmọ̀lára tó ń gba ojú ọ̀nà tóóró nínú ọrùn ọwọ́ ló há. Bí ọwọ́ bá wú, tó ń dán, tó ń jó bí ata, tí afẹ́fẹ́ fáànù pàápàá ń dùn ún, má ṣe dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Tètè lọ.

Eegun kan wà tí ọ̀rọ̀ ìtùnú Nottingham kò kàn. Gbé àtàǹpàkò rẹ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró. Wàá rí kòtò kékeré kan nídìí rẹ̀, láàárín iṣan méjì. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ń da áṣáà sí kí wọ́n tó fà á símú, ìyẹn ló sì fi ń jẹ́ àpótí áṣáà nínú ìwé àwọn dókítà. Eegun tó wà nísàlẹ̀ kòtò náà ni scaphoid, orúkọ tó wá láti inú èdè Gíríìkì torí pé ó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Kò tóbi ju ẹ̀pà tó yó dáadáa lọ púpọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ló ń ṣẹ́ ẹ jù, gólì tó fò lu bọ́ọ̀lù, ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ ni ìyọnu. Púpọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wọlé láti orí tó súnmọ́ ìka, ó sì ń ṣàn padà sí orí tó súnmọ́ apá. Ó dà bí ilé tí páìpù omi rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: bí wọ́n bá gé e ní àárín, yàrá iwájú á gbẹ. Bó bá ṣẹ́ ní àárín, ìlàjì kan lè máà rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó lè kọ̀ láti so, ó lè kú sínú ọwọ́. Èyí tó sì burú ni pé X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má rí i. Wọ́n á ní kò ṣẹ́, ọwọ́ kàn rọ́ ni. Ọmọkùnrin náà á fi bandéèjì wé e, á gba bọ́ọ̀lù lọ. Ìrora á rọlẹ̀. Ọdún á gorí ọdún. Kó tó pé ọmọ 40, àwọn eegun yòókù á ti yẹ̀ kúrò níbi tí Ọlọ́run tò wọ́n sí, oríkèé á ti jẹ, àtúnṣe tó kù á sì jẹ́ èyí tó ń gba ìyíkiri ọwọ́ kúrò. Nítorí náà, bí o bá fi ìka tẹ kòtò áṣáà yẹn lẹ́yìn ìṣubú tó sì dùn ọ́ gan-an, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí eegun tó ti ṣẹ́, kí wọ́n tún un yà láàárín ọjọ́ 10 sí 14, tàbí kí wọ́n lo CT tàbí MRI níbi tó bá wà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí SWIFFT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2020, pín àgbàlagbà 439 tí scaphoid wọn ṣẹ́ ní ìbàdí tí kò sì yẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ sọ́nà méjì: àwọn kan gba irin, àwọn kan gba POP, bí èyí tó wà nínú POP kò bá sì so, kí wọ́n tètè gbé e lọ fún irin. Ní ìparí ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìrora àti ìlò ọwọ́ wọn. Sùúrù ni POP ń fẹ́ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀sẹ̀ 10, ó lè dé 12. Ọlọ́kadà tó ní owó ojúmọ́ láti san fún ẹni tó ni máṣìnnì kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá a jà. Mo máa ń jẹ́ kó mọ iye tí ìkánjú lè ná an ni.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo mọ Yorùbá bí mi ò bá dárúkọ àwọn tó ń to eegun. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ṣẹ́ nílẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ lọ, kí ó tó dé ilé ìwòsàn Ìgbòbì tàbí UCH, bó bá tilẹ̀ máa dé ibẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ wọn tó dára. Àwọn kan nínú wọn máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá di aláìsàn, wọ́n á tọ́jú méjèèjì pọ̀, ọjọ́ tí adìyẹ bá sì fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n á tú aláìsàn sílẹ̀. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n ń dúró dè: kí adìyẹ rìn. Ìlò ni wọ́n fi ń wọn ìwòsàn, kì í ṣe bí eegun ṣe rí. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ adìyẹ ń so kíá ju ọwọ́ ènìyàn lọ, kò sì ní ẹ̀pà áṣáà kankan nínú rẹ̀. Ewu tó tóbi jù ni ọparun tí wọ́n dì le. Ọwọ́ tó ṣẹ́ ń wú lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ohun tí wọ́n fi dì í kò bá fún un láyè, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti kọ̀wé títí nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí wọ́n gé nítorí èyí. Bí ìka bá tutù, bó bá dúdú tàbí funfun, bó bá kú, tàbí tí nínà án bá ń mú kéèyàn ké, ẹ tú ìdì náà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọparun, ì báà jẹ́ POP ilé ìwòsàn ńlá.

Iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ bá ti wà nínú POP. Gbé e sókè ju àyà lọ, di ìka, na ìka, yí èjìká. Lẹ́yìn POP, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báàsì, kí ọwọ́ máa lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, kí o máa rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ sápá ìdodo láìjẹ́ kí wọ́n tú. Ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn mi kò ní owó ohun èlò, mo wá ní kí wọ́n mú orógùn láti inú ilé ìdáná. Di ìdí rẹ̀ mú, gbé e nàró, jẹ́ kó wó lọ sí ọ̀tún, jẹ́ kó wó lọ sí òsì; ìwúwo orógùn fúnra rẹ̀ á máa yí apá. Fífún táwẹ́ẹ̀lì wá lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn náà ìgò omi 50cl, lẹ́yìn náà lítà kan. Iyán gígún kẹ́yìn pátápátá. Ariwo ọmọ odó ń dún wọ inú eegun.

Kí ló wá dé tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi fi so pọ̀, tó ń kọ̀wé, tó ń wakọ̀, tí kò sì lè dọ̀bálẹ̀? Ní 1985, Palmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń yí nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n rí i pé bí ó bá lè tẹ̀ sẹ́yìn dé dígírì 30, ó tó fún iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìwé ìbéèrè DASH tó jáde ní 1996, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, ní ìbéèrè 30: ṣé o lè ṣí ìdérí ìgò tó le, ṣé o lè yí kọ́kọ́rọ́, ṣé o lè ti ilẹ̀kùn tó wúwo? Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀, nígbà tó bá fẹ́ ti ara rẹ̀ dìde, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn súnmọ́ dígírì 90, ìwúwo ara rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Mùsùlùmí tó ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn lójúmọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú ayé tí kò sí ìdọ̀bálẹ̀, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ti yá. Láàárín àwọn àna, aláìsàn ṣì ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi ẹni tó bá wá, kí n tó fọwọ́ kàn án: kí lo fẹ́ kí ọwọ́ yìí ṣe? Onílù gángan kan dá mi lóhùn pé kí ọ̀pá máà máa pẹ́ dé ojú awọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìdána yẹn, mo wọn ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi. Òsì tẹ̀ dé dígírì 75, ọ̀tún dúró ní 48. A bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì: àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, ìgúnpá nínà, kí ó máa fi ara tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ó mú un pẹ́ títí yóò fi ka ọgbọ̀n. Mo sọ fún un pé lẹ́yìn ọdún kan, ohun tó kù kì í pọ̀, mi ò sì ṣèlérí kankan. Láti orí tábìlì, ó bọ́ sórí àga, ó bọ́ sórí ilẹ̀. Ó dé 60, ó dúró síbẹ̀.

Oṣù 11 lẹ́yìn náà, a pàdé níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ tọkọtaya kan náà. Bàbá ìyàwó wọlé, ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ilẹ̀, ó yí ìka síta díẹ̀, ó sì fi òsì ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tó ń dìde. Ó gbọn eruku kúrò lára sòkòtò rẹ̀, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní kí n bá òun wá nọ́ńbà alága ìjókòó yẹn, òun fẹ́ gba ₦1,000 òun padà.